Kànga Tí Mo Jẹ́ Kó Sinmi

Ẹ má káàánú mi. Ẹ ṣáà kà á tán, kí ẹ wá wò ó bóyá irú mi wà ní àdúgbò yín.

Ṣùáíbù ni orúkọ mi. Kànga ni mo ń gbẹ́ jẹun. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí bàbá mi tó fà mí wọ inú ihò. Bébà tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà ni mo fi kọ́ ìyókù. Bí ọ̀rọ̀ mi ò bá gún, ẹ bá mi tò ó.

Òkè-Ọsàn ni abúlé wa, lórí àpáta, láàárín Ìkẹ́rẹ́ sí Ẹmùré. Odò-Ìrókò wà nísàlẹ̀ wa. Aba Tíṣà wà lápá ọ̀tún. A ní iṣu, a ní ẹ̀gẹ́, a ní kòkó. Omi ẹ̀rọ ni a ò ní.

Lọ́dún tó kọjá, àjọ kan wá bá wa láti Adó. Wọ́n ní àwọn ò lè ṣe omi fún abúlé kọ̀ọ̀kan. Kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pawọ́ pọ̀ ṣe ẹyọ kan: ihò omi kan, táǹkì ńlá kan, páìpù dé abúlé mẹ́ta. Àwọn á gbé ẹ̀rọ wá. Àwa á gbẹ́ kòtò páìpù, a ó ru yanrìn àti òkúta, ilé kọ̀ọ̀kan á sì mú àpò kòkó kan sílẹ̀.

Gbogbo wa gbà lọ́jọ́ kan náà. Ibi tí wọ́n máa gbẹ́ ihò náà sí ló wá di wàhálà.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Doyinsọ́lá ni ẹnjiníà wọn. Ó gbé ẹ̀rọ tó ń wo abẹ́ ilẹ̀ wá. Ó ní omi wà ní Òkè-Ọsàn, omi wà ní Odò-Ìrókò, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ òun ò lè sọ èyí tí kò ní gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ibẹ̀ lẹ mọ̀ ọ́n," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká wọn kànga yín nínú oṣù Èrèlè, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ. Èyí tí omi rẹ̀ bá ga jù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la máa gbẹ́ ẹ sí."

"Ta ni yóò wọ̀n ọ́n?" ló bi wá.

"Ṣùáíbù ni." Ẹnu kan náà ni wọ́n fi dáhùn. Èmi ni mo gbẹ́ kànga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan fún abúlé kọ̀ọ̀kan; tiwa ló wà ní ẹ̀yìnkùlé mi.

Wíwọn kànga ò le. Ríìngì kọnkéré la fi ń tò ó láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kí ògiri rẹ̀ má baà wó. A ó so òkúta mọ́ okùn, a ó jù ú sílẹ̀ dé ìsàlẹ̀, a ó fà á jáde, a ó wo ibi tí okùn tutù dé. Ríìngì mélòó ni omi bò? Ìyẹn náà nìyẹn.

A fi í sí òwúrọ̀ Sátidé, kí obìnrin kankan tó ju korobá sínú kànga. Kí abúlé kọ̀ọ̀kan rán ẹlẹ́rìí kan wá. Doyinsọ́lá kọ ọ́ sínú ìwé, ó wá gbójú sókè wò mí.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí. Ṣé ó ku nǹkan tí a gbàgbé?"

Ó kù. Mo mọ̀ pé ó kù.

Kànga orí àpáta, omi rẹ̀ a máa yọ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ń fà á lójoojúmọ́, ìsàlẹ̀ ni yóò wà. Bí wọn ò bá fà á fún ọjọ́ mẹ́ta, yóò kún bí ọmú tí ọmọ ò mu. Ọmọ iṣẹ́ kànga tó ti lo oṣù mẹ́ta mọ ìyẹn. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé kí a ti kànga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa fún iye ọjọ́ kan náà, tàbí kí a jẹ́ kí wọ́n máa fà wọ́n bákan náà títí di ọjọ́ yẹn.

"Kò sí," ni mo wí.

Mi ò tíì pinnu ohunkóhun o. Mo kàn fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láì tì í ni.

Bí a ṣe ń tú ká, Akínpẹ̀lú dá mi dúró. Òun ni ẹlẹ́rìí tí Odò-Ìrókò yàn. Àgbẹ̀ kòkó ni, ẹnu rẹ̀ mú bí àdá tuntun.

"Ṣùáíbù, má wulẹ̀ gbé okùn lọ sí kànga ilé rẹ. Korobá tí ìyàwó rẹ jù sí i lánàá, a gbọ́ ọ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Gbàn-án! A rò pé agogo ìsìn ni."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín.

"Àkèré kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀," ló tún wí. "Òùngbẹ ló lé e dé Ìkẹ́rẹ́."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ilé. Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń rí, kí ènìyàn jẹ́ agbẹ́kànga, kí kànga ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ jẹ́ èyí tó burú jù. Ogún ọdún ni mo fi jẹ ìyà ẹ̀fẹ̀ yẹn.

Olúmúyìwá, olórí abúlé wa, wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Bàbá Toyyibat, ibi tí ẹ̀rọ omi bá wà ni ìlú yóò wà," ló wí. "Wọ́n á gbé iná tẹ̀ lé e. Wọ́n á kọ́ ilé ìwòsàn. Ìwọ la ó sì fún ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."

"Omi tó wà nínú kànga ni mo máa wọ̀n, Olóyè."

"Mo ní kí o ṣe nǹkan mìíràn ni?"

Kò ní kí n ṣe nǹkan mìíràn. Kí n má purọ́ mọ́ ọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Túsìdeè, mo gbé oògùn funfun tí a fi ń pa kòkòrò inú omi, mo dà á sínú kànga wa. Ọdọọdún ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kan péré la máa ń fi í sílẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni ti ọdún yìí," ni mo sọ fún wọn. "Oògùn náà le."

Ìyá Ẹ̀bùn, àgbà obìnrin tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, kùn títí. "Ọjọ́ mẹ́ta? Ṣé kòkòrò lò ń pa ni àbí erin? Ẹsẹ̀ mi yìí ni yóò gbé mi lọ sódò?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ìlera yín ni."

Wọ́n lọ sódò. Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Jímọ́ọ̀. Mo rí Ìyá Ẹ̀bùn tó ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú garawa lórí, tó ń sinmi lábẹ́ igi ọsàn kọ̀ọ̀kan. Mo lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbàdúrà fún mi.

Lówùúrọ̀ Sátidé, a bẹ̀rẹ̀ láti Aba Tíṣà. Ríìngì kan. Kò yà wá lẹ́nu.

A dé Odò-Ìrókò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Jẹ̀mílátù, ni wọ́n fẹ́ sí abúlé yẹn láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó jókòó sí ẹnu kànga, ó ń retí wa. Láàárín òun àti èmi, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Ìyá wa kú kí n tó pààrọ̀ eyín. Òun ló wẹ̀ mí dàgbà.

"Ríìngì mélòó?" ló bèèrè nígbà tí mo fa okùn jáde.

"Mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n."

Mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀ ni wọ́n fi ń fà á. Ó yẹ kí n ti ká okùn mi nílẹ̀ níbẹ̀.

A gòkè wá sí Òkè-Ọsàn. Jẹ̀mílátù tẹ̀ lé wa. Mo ju òkúta sílẹ̀. Nígbà tí mo fà á jáde, okùn tutù, ó tutù, ó tún ń tutù bọ̀.

"Mẹ́rin àtààbọ̀," ni ẹlẹ́rìí Aba Tíṣà wí.

Akínpẹ̀lú ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó tẹ̀ mọ́ ẹnu kànga, ó wo ìsàlẹ̀ títí. "Omi yìí pọ̀ o. Ṣé bó ṣe rí lánàá nìyí? Ṣé bó ṣe rí lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyí?"

Mo tẹ orí ba, mo ń ká okùn mi.

Jẹ̀mílátù ló dáhùn. "Akínpẹ̀lú, fi àbúrò mi sílẹ̀. Inú kànga ni bàbá wa kú sí. Èmi àti òun la jókòó sí ẹnu ihò títí wọ́n fi gbé e jáde. Bí Ṣùáíbù bá máa purọ́, kì í ṣe lórí kànga. Èmi jẹ́rìí ẹ̀."

Akínpẹ̀lú ṣí fìlà. "Ẹ má bínú, Ìyá Jàmíù."

Ó tọwọ́ bọ ìwé. Gbogbo wọn tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Wọ́n gbẹ́ ihò náà sí Òkè-Ọsàn, ìṣísẹ̀ ogún sí kànga mi. Àwọn ọkùnrin Odò-Ìrókò ló gbẹ́ kòtò páìpù ju gbogbo wa lọ, nítorí ọ̀nà tiwọn ló jìn jù. Mo rí Akínpẹ̀lú tó ń fi ṣọ́bìrì bu ilẹ̀, tó ń kọrin. Ó ti gbàgbé. Inú mi ń dùn, ẹ ò gbọ́, inú mi ń dùn. Ẹ̀rọ dúró ní ẹ̀yìnkùlé mi, wọ́n ti fa iná wá sí i, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́rùn mi.

Omi yọ nínú oṣù Agẹmọ. Òjò ń rọ̀, ta ni yóò mọ̀? Ẹ̀rọ dé ẹnu ọ̀nà Jẹ̀mílátù. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní kí n tẹ́tí. Omi ẹ̀rọ ni mo ń gbọ́, tó ń dà sínú garawa.

"Ṣé o gbọ́ ọ?" ló wí. "Láti ìjókòó ni mo ti ń pọn ọ́n."

Wọ́n wá ní kí n bá wọn bo kànga Odò-Ìrókò pa, kí ọmọdé má baà kó sí i. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ṣe? Mo po kọnkéré, mo bò ó. Ọwọ́ mi yìí. Mo bo kànga tó dáa jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì gba adìyẹ kan fún iṣẹ́ mi.

Ọdún yí, ẹ̀ẹ̀rùn dé.

Kí oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó parí, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Yóò fa omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò wá máa fa afẹ́fẹ́. Olúmúyìwá wá bá mi.

"Yí ọwọ́ irin orí páìpù, kí o ti omi tó ń lọ sí abúlé méjì tó kù pa. Èyí tó bá yọ, kí àwa kọ́kọ́ mu."

"Olóyè, gbogbo wa la jọ ṣe é."

"Ilẹ̀ ta ló wà?"

Mo tì í. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, mo tì í. Ìró tó ṣe nígbà tí mo yí i dópin, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ní ọ̀sán, Jẹ̀mílátù pè. "Ṣùáíbù, ẹ̀rọ ò yọ o."

"Iná ni, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ń tún un ṣe."

"Títí di ìgbà wo?"

"Lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì ó tún pè. Mo tún ní lọ́la. Lọ́jọ́ kẹta kò pè mọ́. Ó ti gbà mí gbọ́ títí omi inú ìkòkò rẹ̀ fi tán, òun náà wá gbé garawa, ó gba odò lọ. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Òkúta odò ń yọ̀. Ó ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́.

Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé e lọ. Oṣù kan àti ọjọ́ mẹ́wàá ló fi dùbúlẹ̀. Mo ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ó ń bá mi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ibùsùn.

"Ṣé wọ́n ti tún iná ṣe?"

"Ó kù díẹ̀."

"Iná yín yìí, àfi bíi pé Adó ni wọ́n ti ń rù ú lórí bọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, mo jáde síta, mo fi orí ti ògiri. Mi ò sọ fún un. Mo ní oṣù kan àti ọjọ́ mẹ́wàá láti sọ fún un.

Ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà, wọ́n pe ìpàdé sí ilé ẹ̀kọ́ Aba Tíṣà. Doyinsọ́lá wá. Abúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta péjọ. Wọ́n fi mọ́tò gbé Jẹ̀mílátù dé, wọ́n tẹ́ pílò sábẹ́ rẹ̀ lórí àga, ọ̀pá rẹ̀ wà lórí itan.

Doyinsọ́lá ṣí ìwé rẹ̀. "Mo ti yẹ ẹ̀rọ wò. Ẹ̀rọ ò ní àìsàn. Ihò ni kò lómi. Ṣùgbọ́n kò yé mi. Ibi tí kànga rẹ̀ ní ríìngì mẹ́rin àtààbọ̀ nínú Èrèlè, kò yẹ kó gbẹ báyìí. Bàbá Toyyibat, kí lẹ rí sí i?"

Mo dìde. "Òjò ọdún tó kọjá ò pọ̀. Ayé ti yí."

"Òjò kan náà ló rọ̀ sí Odò-Ìrókò," ni Akínpẹ̀lú wí láti ẹ̀yìn. "Tàbí ẹ ní tiyín lọ́tọ̀?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Wọ́n ní mi ò mọ iṣẹ́, wọ́n ní kànga mi ò dáa rí.

Ibẹ̀ ni Ìyá Ẹ̀bùn ti dìde láti gbèjà mi.

"Ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀," ló wí. "Ta ló ní kànga wa ò dáa? Kànga náà fẹ́ ìsinmi ni. Ẹ ò rántí ọ̀sẹ̀ tí Ṣùáíbù da oògùn sí i, tó ní ká má fà á fún ọjọ́ mẹ́ta? Ṣebí odò la lọ. Nígbà tí a fi máa padà dé ìdí ẹ̀, omi ti kún gọ̀ọ́rọ̀. Ká tún jẹ́ kó sinmi bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i."

Ó jókòó, ó gbá ìró rẹ̀ mú, inú rẹ̀ dùn pé òun ti ràn mí lọ́wọ́.

Doyinsọ́lá ṣí ìwé rẹ̀ padà sẹ́yìn.

Akínpẹ̀lú ò pariwo. Ó rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ọmọ tó ń sùn sọ̀rọ̀. "Màmá, ọ̀sẹ̀ wo lẹ wí?"

"Ọ̀sẹ̀ tí ẹ wá wọn kànga náà ni. Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Jímọ́ọ̀."

"Ẹ ò fa omi rárá?"

"Korobá kan ṣoṣo, a ò fà. Ẹ bi í."

Ojú gbogbo wọn yí sí mi. Doyinsọ́lá gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Ẹ̀bùn wò mí, ó wo Akínpẹ̀lú, ó tún wò mí, mo wá rí i tí ọ̀rọ̀ náà yé òun alára. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣùáíbù." Jẹ̀mílátù ni. Kò gbé ohùn sókè. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo wo ọ̀pá tó wà lórí itan rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Iná ńkọ́?"

"Kì í ṣe iná. Èmi ni mo tì í."

Ó mi orí. Kò sunkún. "Èmi ni mo jẹ́rìí ẹ̀," ló wí. Kì í ṣe èmi ló sọ ọ́ fún, gbogbo ilé ló sọ ọ́ fún. "Akínpẹ̀lú bèèrè, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Odò-Ìrókò, ẹ foríjì mí."

Arúgbó obìnrin tí mo ṣẹ́ ní ìbàdí ló ń tọrọ ìdáríjì nítorí mi. Mo ti wọ inú kànga tó jìn ju ogójì ẹsẹ̀ bàtà lọ. Mi ò tíì wọ ibi tó jìn tó ìdí àga tí mo dúró tì lọ́jọ́ yẹn rí.

Mo bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, mo gbé e síwájú Doyinsọ́lá. Ó wò ó, kò mú un.

"Bàbá," ló wí, "orí òkè yín la bá gbé táǹkì sí bó ti wù kó rí. Omi kì í gòkè. À bá fà á láti Odò-Ìrókò wá sọ́dọ̀ yín, kó máa ti ọ̀dọ̀ yín sọ̀kalẹ̀ padà fún gbogbo wọn. Ẹ̀yin náà ìbá ní i. Ẹ ò bèèrè ni."

Mi ò bèèrè. Èmi agbẹ́kànga. Nǹkan tó máa tó mi lọ́wọ́ láì jí i ni mo jí.

Wọ́n ti gbẹ́ ihò mìíràn ní Odò-Ìrókò báyìí. Ilé kọ̀ọ̀kan ní abúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún mú àpò kòkó kan wá nítorí mi. Àwọn kan tó kó tiwọn dé tu itọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n rí mi. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Èmi ni mo fi dìgà fọ́ kọnkéré tí mo fi bo kànga wọn. Mo so òkúta mọ́ okùn, mo jù ú sí i. Ríìngì mẹ́rin. Inú ẹ̀ẹ̀rùn o.

Kòtò páìpù láti Odò-Ìrókò gòkè wá sídìí táǹkì, mo ní èmi nìkan ni mo máa gbẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn. Ó ti di oṣù kejì tí mo ti ń gbẹ́ ẹ. Àwọn ènìyàn ń kọjá lára mi lọ sóko. Akínpẹ̀lú ń kọjá. Kò fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́, ẹ̀fẹ̀ ìbá sàn.

Ẹni kan ṣoṣo ló ń dúró. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ẹ̀gbọ́n mi á ti ọ̀pá bọ̀, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ife omi kan lọ́wọ́. Omi kànga wọn ni. Kì í gbé e fún mi tààrà. Á kọ́kọ́ dúró lókè kòtò.

"Lọ́jọ́ tí o wọ̀n ọ́n," á wí, "kànga tìrẹ, ká ní wọ́n ń fà á, ríìngì mélòó ni?"

"Ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n."

"Mi ò gbọ́."

Màá gbé ojú sókè wò ó. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ á ti dúró, wọ́n á máa gbọ́.

"Ọ̀kan," màá wí. "Kò tilẹ̀ pé ọ̀kan."

Á wá bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìbàdí yẹn, á na ife náà sí mi.